Ẹgbẹ́ wa ń lọ gun òkè Ẹ̀fọ̀n, ilẹ̀ títẹ́ Lẹ́kí ni ẹsẹ̀ mi mọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Títì Ẹ̀pẹ́

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Triathlon ni mò ń múra fún, èyí tí wọ́n ń pè ní ìdajì: ká lúwẹ̀ẹ́ kìlómítà 1.9, ká wa kẹ̀kẹ́ fún 90, ká wá sáré 21.1 lé e. Mo ń ṣiṣẹ́ oṣù, mo sì ní àwọn ọmọ kéékèèké nílé, nítorí náà ìdájí nìkan ni mo máa ń ráyè. Títì Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń wa kẹ̀kẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Níbẹ̀ yẹn, kò sí ẹni tó ń já mi sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa.

Wọ́n ti wá mú Èkìtì fún ìrìn tó ń bọ̀: Adó, Ìyìn, Ìgèdè, Àrámọ̀kọ, títí dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ká sì padà. Nígbà tí a lọ sí apá Abẹ́òkúta, bí a bá ti kan òkè báyìí, àwọn tó kù á dìde lórí ìjókòó, wọ́n á fò lọ, èmi náà á sì gbá tẹ̀ lé wọn. Kí n tó dé ìdajì òkè, itan mi á ti máa jó, èémí á sì ti há. Wọ́n á dúró dè mí lókè. Bí mo bá ṣe ń dé, wọ́n á ní "ó yá, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Àwọn ti sinmi, èmi ò tíì sinmi.

Mi ò fẹ́ sọ pé mi ò lọ. Mo fẹ́ bá wọn dé Ẹ̀fọ̀n, kí n sì lè sáré díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ òkè, ẹ bá mi dá sí i.

Ọmọ Olókè

Ẹ káàbọ̀, àǹtí. Èkìtì ni mo ti ń wa kẹ̀kẹ́ láti kékeré, kí n tó mọ̀ pé àwọn kan ń fi í ṣe eré ìdárayá. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ yẹn, mi ò rí ibi tí ẹsẹ̀ yín ti kéré. Ìsàlẹ̀ òkè ni ẹ ti ń ná owó tán kí ọjà tó kún.

Ẹ wò ó báyìí. Lórí ilẹ̀ títẹ́, bí ẹgbẹ́ bá ń sá kìlómítà 35 ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ lẹ ń bá jà. Ẹni tó bá fara pamọ́ sẹ́yìn ẹlòmíì á fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ pamọ́, nígbà míì ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kéèyàn já níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí òkè tó le, tí eré ò ju kìlómítà 9 tàbí 10 lọ, afẹ́fẹ́ ò ṣe nǹkan kan mọ́. Ìwọ̀n ara yín àti ti kẹ̀kẹ́ ló kù tí ẹ ń gbé. Bí ẹ bá wà ní mítà 2 sẹ́yìn ẹni tó wà níwájú, tàbí mítà 40, agbára tí ẹ máa lò kò fẹ́rẹ̀ẹ́ yàtọ̀. Èrè kí ló wá wà nínú kí ẹ máa lé wọn láti ìsàlẹ̀?

Téńté òkè ni èrè wà. Níbẹ̀ ni ilẹ̀ ti ń tẹ́, eré á bẹ̀rẹ̀ sí í ga, afẹ́fẹ́ á sì padà di ọ̀tá. Bí ẹ bá já sílẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin nìkan lẹ máa gba gbogbo rẹ̀ sójú títí dé òkè tó kàn. Nítorí náà, ẹ gun ìdajì àkọ́kọ́ bí ẹni tó ṣì lè dáhùn bí wọ́n bá bi í ní ọ̀rọ̀. Ẹ fi èyí tí ẹ fi pamọ́ ná ọgọ́rùn-ún mítà tó kẹ́yìn, kí ẹ má sì dẹ ẹsẹ̀ nígbà tí ẹ bá dé òkè. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kọjá téńté, kí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sá kí ẹ tó sinmi. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fò lọ ní ìsàlẹ̀ ni ẹ máa bá níbẹ̀ tí wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ.

Ohun kan tún wà tí àwa máa ń ṣe. Kí òkè tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rọra bọ́ síwájú ẹgbẹ́. Bí ẹ bá ti ń gùn ún ní ìwọ̀n tiyín, wọ́n á máa kọjá yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọjá. Nígbà tí ẹ bá máa fi dé òkè, ẹ̀yìn ẹgbẹ́ lẹ wà, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì já. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ òkè láti ẹ̀yìn kò ní àyè láti sún sẹ́yìn mọ́.

Alágídí Ìkòròdú

Ọmọ Olókè, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n mi ò gbà tán. Bí àǹtí bá ń jẹ́ kí wọ́n lọ ní gbogbo òkè, ìgbà wo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa mọ bí wọ́n ṣe ń fò? Àwa tí à ń ṣe triathlon mọ bí a ṣe ń lọ ní ìwọ̀n kan náà fún wákàtí mẹ́ta. Kí eré ṣàdédé ga fún ìṣẹ́jú kan, kó wálẹ̀, kó tún ga, ìyẹn la ò mọ̀, inú ẹgbẹ́ nìkan la sì ti lè kọ́ ọ. Èmi a máa mú òkè kan tàbí méjì, èyí tó kúrú, tí mo lè rí òpin rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Màá lẹ̀ mọ́ wọn níbẹ̀ bó ti wù kó le tó. Àwọn tó kù, màá gùn ún ní tèmi.

Ọmọ Olókè

Òkè tó kúrú, a ti jọ gbà. Kí ẹ ṣe é lápá Ìyìn sí Ìgèdè nígbà tí ara ṣì tutù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti kọjá Àrámọ̀kọ, tí ẹ ń sún mọ́ Ẹ̀fọ̀n, òkè ò ní fi òpin rẹ̀ hàn yín. Ẹ ó yí kọ́nà kan, ẹ ó rò pé ó parí, ẹ ó sì rí i tó tún ń gòkè lọ. Ẹ má fò níbẹ̀ rárá.

Àgbà Jíà

Ẹ̀yin ará, ẹsẹ̀ àti ọpọlọ lẹ ń sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè jíà. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe n'Íbàdàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá láti Èkó, kẹ̀kẹ́ wọn kò láyà òkè.

Àǹtí, ẹ ka eyín jíà yín. Èyí tó kéré jù níwájú, ẹ ka tirẹ̀; èyí tó tóbi jù lẹ́yìn, ẹ ka òun náà. Kẹ̀kẹ́ triathlon sábà máa ń ní 36 níwájú àti 28 lẹ́yìn. Ká ní òkè náà mú yín wálẹ̀ sí kìlómítà 8 ní wákàtí. Lórí 36 àti 28, ẹsẹ̀ yín á máa yí nǹkan bí ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú kan. Ìgbà 50 yẹn ló ń pa orúnkún, òun ló ń mú kí itan jó kí èémí tó tán. Bí ẹ bá pàrọ̀ ẹ̀yìn sí 32, tí ẹ sì pàrọ̀ iwájú sí 34, ìgbà 60 ni ẹsẹ̀ á máa yí ní eré kan náà. Ó lè dà bíi pé kò tó nǹkan, àfi ìgbà tí ẹ bá gbé e gun òkè. Bí ẹ bá lè rí 34 ra sí ẹ̀yìn, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ bi ẹni tó máa ṣe é léèrè bóyá apá tó ń ti ṣéènì lẹ́yìn lè gbé e, torí kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń gba eyín tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹ máa nílò ṣéènì tó gùn díẹ̀ sí i.

Èkejì: ẹ yí jíà kí òkè tó le. Mo ti rí i ju bó ṣe yẹ lọ: èèyàn á fi jíà ńlá sáré kan òkè, eré á kú mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, á wá máa fi tipátipá yí jíà iwájú nígbà tó ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ẹ ó gbọ́ "gbà!", ṣéènì á sì ṣubú sínú. Ẹsẹ̀ ti há mọ́ pẹ́dàlì, kẹ̀kẹ́ ò lọ mọ́, ó di ẹ̀gbẹ́ títì gbìì. Nígbà tí òkè bá ṣì wà ní ogún mítà sí yín, ẹ bọ́ sí jíà kékeré níwájú, ẹ fi ẹ̀yìn díwọ̀n rẹ̀. Bó bá sì di dandan kí ẹ yí i lórí òkè, ẹ dẹ ẹsẹ̀ fún ìyípo kan, kí ẹ tó yí i.

Ará Croydon

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi wà ní London, òkè tiwa níbí ni Box Hill ní Surrey, èyí tí wọ́n gbà ní ìdíje kẹ̀kẹ́ Òlíḿpíìkì ọdún 2012. Àwọn ọkùnrin gùn ún ní ìgbà mẹ́sàn-án lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àwọn obìnrin ní ìgbà méjì. Òkè náà ò le púpọ̀: nǹkan bíi kìlómítà 2.5 ni, ó sì ń ga ní bíi mítà 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn gan-an ló fi ń tan èèyàn. Ìsàlẹ̀ rọ̀, gbogbo ẹgbẹ́ á máa fò, nígbà tí ó bá tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún, gbèsè á dé.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé mo pín in. Bí mo bá ti dé kọ́nà àkọ́kọ́, mo máa ń bi ara mi bóyá mo lè fi imú nìkan mí. Bí n kò bá lè ṣe é, mo ti sáré jù, màá dín in kù lójú ẹsẹ̀. Láti kọ́nà kejì lọ, ẹnu ni. Mo máa ń tú èémí jáde pẹ̀lú agbára, kí n má fi ọkàn sí fífà á wọlé, torí bó bá ti jáde dáadáa, èyí tó ń wọlé á wá fúnra rẹ̀. Ọwọ́ mi á wà lókè ọwọ́ kẹ̀kẹ́, èjìká á wálẹ̀, n kò ní fún un mọ́wọ́. Ẹni tó bá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú gírígírí ń ná agbára tí kò débi táyà.

Lórí ká dìde àbí ká jókòó: ìjókòó ló ń ṣọ́ agbára. Ẹ dìde fún ìyípo mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ibi tó bá le jù, kí ìdí àti ẹ̀yìn sinmi, kí ẹ sì jókòó padà. Kí ẹ tó dìde, ẹ yí jíà sí èyí tó le ju èyí tí ẹ wà lọ ní ẹyọ kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kẹ̀kẹ́ á sún sẹ́yìn, ẹni tó wà lẹ́yìn yín á gbá táyà yín.

Nọ́ọ̀sì Oníkẹ̀kẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ oúnjẹ, torí ibẹ̀ ni mo ti ń rí èèyàn tó ń ṣubú. Bí ìrìn bá ju wákàtí méjì lọ, ara fẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 60 ti oúnjẹ aláfúnni-lágbára ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí inú wọn ti mọ́ ọn lára lè dé 90. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Bí ẹ bá dúró títí ebi fi dé, ó ti pẹ́.

Ohun olówó ńlá kọ́. Píọ̀ wọ́tà méjì, lítà kan nìyẹn. Ẹ po ṣíbí ìjẹun márùn-ún ṣúgà sí i, kí ó ṣe rẹ́gí, gíráàmù 60 nìyẹn. Ẹ fi iyọ̀ sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì, kí ẹ sì fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó lè ṣeé mu. Bí ẹ bá ń mu ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ní wákàtí kan, tí ẹ sì jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lé e, ẹ ti kọjá 60. Dàbínù náà dára, ó kéré lápò, ó sì ń yára wọ ara. Ẹran díndín àti àkàrà tó lépo, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ dìgbà tí ẹ bá dé. Ọ̀rá àti ẹran a máa pẹ́ nínú, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá sì ti lọ sí ẹsẹ̀, inú á bẹ̀rẹ̀ sí í rú.

Ẹ má gbìyànjú láti jẹun lórí òkè. Ẹ jẹ ẹ́ kí ìgòkè tó bẹ̀rẹ̀, bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú, nígbà tí èémí ṣì ń lọ geere.

Omi lásán nìkan láti àárọ̀ dé ọ̀sán léwu fún ẹni tó ń làágùn púpọ̀. Iyọ̀ ara á já wálẹ̀, orí á máa fọ́ni, èébì á máa gbé èèyàn, ó lè burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru náà ńkọ́? Lórí òkè, kò sí atẹ́gùn tó ń fẹ́ yín bíi ti ilẹ̀ títẹ́, torí eré ò sí. Ẹ da omi sí àtàrí àti ọrùn. Bí òtútù bá ṣàdédé mú yín nínú oòrùn, tí ara yín ń bú sẹ́gi, tàbí tí ojú ń ṣú yín, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá ibòji, ẹ pe ẹnìkan. Ẹ má rò pé ìtìjú ni. Mo ti rí alágbára ọkùnrin tó ń sọ ìsọkúsọ lẹ́bàá títì torí pé kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé ó sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá Eléré Mẹ́ta

Àbúrò mi, ẹ kú ìdáwọ́lé. Èkó ni mo wà, mo sì mọ ohun tí ẹ ń sọ. Ẹ ò lè rí òkè ní Lẹ́kí, ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkun wà. Ọjọ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ sí yín lójú, ẹ mú jíà tó le, ẹ jókòó, kí ẹsẹ̀ máa yí bíi 55 sí 60 ní ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ sinmi, ẹ tún ṣe é, ìgbà mẹ́rin ó tó. Itan máa ń kọ́ iṣẹ́ òkè lára ìyẹn. Tí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ má ṣe é. Afárá Lẹ́kí sí Ìkòyí náà ń lọ sókè díẹ̀, àwọn kan máa ń lọ síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀ ní ìdájí. Afárá Kẹta, ẹ má débẹ̀. Eré mọ́tò tó wà níbẹ̀ kò fi àyè sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́.

Bí ọ̀nà bá gbé yín dé Ìbàdàn, Òkè Àrẹ níbi tí ilé ìṣọ́ Bower wà yẹn, ẹ gùn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta mẹ́rin. Kò gùn, ṣùgbọ́n ó ń sọ òótọ́ fún èèyàn.

Ẹ bá olórí ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Ẹ sọ fún un pé ẹni tó bá gbẹ̀yìn dé òkè náà gbọ́dọ̀ rí ìṣẹ́jú mẹ́ta sinmi kí wọ́n tó gbéra. Ohun tó ṣe yín ní Abẹ́òkúta yẹn, kò dára lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kankan, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ẹsẹ̀ yín. Ẹgbẹ́ tó bá ń dúró de èèyàn, kó dúró dáadáa.

Apá gígùn tí à ń fara lé lórí kẹ̀kẹ́ triathlon, ẹ má fọwọ́ kàn án nínú ẹgbẹ́ rárá. Bíréèkì ò sí níbẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ sí ibi tí ìka ti lè kan bíréèkì ní gbogbo ìgbà.

Ní ti ọkàn, kálukú ló ní tirẹ̀. Òpó iná ni mo máa ń kà, kí n dé èyí, kí n tó ronú kan èyí tó kàn. Mùsùlùmí ni mí, mo sì máa ń ṣe tẹ̀súbáà lábẹ́nú, "Subhanallah" kan fún ìyípo ẹsẹ̀ kan. Ó ń mú kí èémí lọ ní ìwọ̀n. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ onígbàgbọ́, orin ìjọ ló máa ń kọ wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí ẹ bá padà dé Adó, ẹ pàrọ̀ bàtà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sáré rọra fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹsẹ̀ á wúwo bí òkúta, á sì tú. Ohun tí ẹ máa bá pàdé lọ́jọ́ ìdíje gan-an nìyẹn.

Ọmọ Títì Ẹ̀pẹ́

Ọlọ́run á san yín lóore. Mo ti ka eyín jíà mi: 36 àti 28 gẹ́lẹ́ bí Àgbà Jíà ṣe wí. Mo ti ní kí wọ́n bá mi wá 32 sí ẹ̀yìn. Olórí ẹgbẹ́ náà ti gbà pé ká máa sinmi dáadáa lókè.

Ohun méjì ló kù. Àkọ́kọ́, ìsọ̀kalẹ̀ ń bà mí lẹ́rù ju ìgòkè lọ, ní pàtàkì pẹ̀lú àwọn tírélà. Èkejì, orúnkún ọ̀tún mi máa ń dùn mí níwájú lẹ́yìn òkè.

Ọmọ Olókè

Ẹ̀rù yẹn tọ́. Ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n ní kọ́nà tó há, àwọn ọkọ̀ ẹlẹ́rù ńlá sì máa ń sọ̀ níbẹ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ wà níwájú tírélà tó ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́yìn, ẹ yà sí ẹ̀gbẹ́, kó kọjá. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàrin kẹ̀kẹ́ àti kẹ̀kẹ́, ó kéré tán gígùn kẹ̀kẹ́ márùn-ún, torí ìsọ̀kalẹ̀ kì í ṣe ibi tí à ń fara pamọ́ sẹ́yìn ara wa.

Ẹ tẹ bíréèkì kí ẹ tó wọ kọ́nà, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì dúró ṣánṣán. Ti iwájú ló ń dáni dúró jù, ti ẹ̀yìn ń ràn án lọ́wọ́, ẹ tẹ méjèèjì pọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má dì í mú láti òkè dé ìsàlẹ̀, ooru á mú un: ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ tú u, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Nínú kọ́nà, ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ ìta wà nísàlẹ̀, kí ẹ fi ìwọ̀n ara lé e, kí ojú yín sì wà níbi tí ẹ fẹ́ jáde sí. Ibi tí ojú bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ. Ẹni tó bá ń wo kòtò á wọ kòtò.

Iyanrìn máa ń kóra jọ sínú kọ́nà lẹ́yìn òjò. Ẹni iwájú kó pariwo "yanrìn!" tàbí "kòtò!", kí gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn náà pè é títí dé ẹni ìkẹyìn. Bí ẹ bá gbọ́ "ọkọ̀ lẹ́yìn!", ẹ tò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àgbà Jíà

Orúnkún tó ń dùn níwájú, mo kọ́kọ́ máa ń wo bí ìjókòó ṣe ga tó. Ó ṣeé ṣe kó lọ sílẹ̀ jù. Ẹ jókòó lórí kẹ̀kẹ́, kí ẹnìkan dì í mú. Ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ yẹ kó nà tán, láìjẹ́ pé ìdí yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Bí orúnkún bá ṣì tẹ̀, ẹ gbé ìjókòó sókè díẹ̀díẹ̀, mìlímítà 3 lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wà á fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Jíà 32 tí ẹ ń rà yẹn á gbà nínú ìrora náà, torí ẹsẹ̀ ò ní máa tẹ̀ tipátipá mọ́. Bí ó bá ń dùn yín nígbà tí ẹ bá ń rìn nílé náà, ẹ lọ rí dókítà.

Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yí ìjókòó yín ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ máa gbéra ní Adó.